Apẹja Mẹ́rìnlá ti Àdúgbò Kẹtàdínláàádọ́ta

Ohùn àkọ́kọ́ tí Káfíńtà mọ̀ láyé, kí ó tó lè ya ohùn ìyá rẹ̀ sọ́tọ̀ sí ti aládùúgbò, ni ohùn ayùn bàbá rẹ̀: hìn-ìn, hàn-án, hìn-ìn, hàn-án, bí ìgbà tí arúgbó bá ń mí lójú oorun. Òun àti àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo jọ sùn sórí ìyẹ̀fun pákó nínú ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà, ayùn yẹn ló sì ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Nígbà tí bàbá wọn kú, ẹ̀gbọ́n jogún ayùn, àbúrò gbé ìwé lọ.

Ní ọ̀sán tí à ń wí yìí, àbúrò dé láti ọ́fíìsì ìjọba, tòun ti ìbọ̀sẹ̀ nínú ooru, tòun ti ìwé tí ó ká roboto sábẹ́ abíyá. Ọgbọ̀n-Ọdún ni gbogbo ẹbí ń pè é, nítorí kò sí ìbéèrè tí a bi í tí kì í fi ọgbọ̀n ọdún dáhùn. Ìlú onípákó ló wá gbé. Òun ló gbéṣẹ́ rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ìlú wọn, ní kékeré, bí yóò ṣe rí lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Àwọn àgbà ìgbìmọ̀ yóò wò ó ní aago mẹ́rin, ohun tí wọ́n bá rí lórí pákó náà ni wọn yóò tẹ òǹtẹ̀ lù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá mi."

"Ọgbọ̀n-Ọdún! Káàbọ̀. Jókòó." Káfíńtà fi ẹsẹ̀ ti àga gígùn kan sí i, èyí tí bàbá wọn kàn.

"Kò sáyè ìjókòó. Aago mélòó ló lù?"

"Ìwọ lo so aago mọ́wọ́, èmi lò ń bi."

Ọgbọ̀n-Ọdún ò gbọ́ ìyẹn. Ó ti ń yí ìlú onípákó po, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù. "Áà! Ẹ wò ó bí ilé ṣe tò bí eyín ọmọdé! Ibí ni wọn yóò ti máa ṣiṣẹ́. Ọ̀hún ni wọn yóò ti máa sùn. Apá ibí yìí ni wọn yóò ti máa gbatẹ́gùn."

"Ẹni tó bá fẹ́ sùn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ńkọ́? Bí èmi báyìí?"

"Kò sáyè fún un."

"Nínú ìlú tó fẹ̀ tó yìí?"

"Nínú ìwé, bọ̀dá. Ìlú fẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ti kún."

"Èèyàn mélòó ni yóò máa gbé inú rẹ̀?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta, ó lé mẹ́fà."

"Mẹ́fà wo?"

"Mẹ́fà tó lé."

"O mọ iye ẹni tí ìyá wọn ò tíì lóyún wọn, títí kan mẹ́fà ìparí. Lọ́dún tó kọjá, o gbàgbé pé ọmọ mẹ́rin ni mo bí, bàtà mẹ́ta lo rà wá."

"Ìṣirò inú ilé nìyẹn, bọ̀dá. Ti ìlú ni wọ́n kọ́ mi." Ó tẹ̀ ba, ó sì fìka kan ihò kan tó là sáàárín ìlú náà, bí eyín tó yọ. "Ṣùgbọ́n kí ni ẹ fi èyí sílẹ̀ fún?"

"Ìwé rẹ ló ní kí n fi sílẹ̀. 'Àdúgbò kẹtàdínláàádọ́ta: ẹ má kọ́ nǹkan kan síbẹ̀.' Mo pè ọ́ lórí fóònù, o ní tó bá yá màá rí i. Ṣé ó ti yá?"

"Ọlá ìlú náà nìyẹn! Adágún omi ni."

"Adágún omi kẹ̀? Ní ìlú wa yìí? Ẹ̀yìn ibo ló wà?"

"Ní àdúgbò kẹtàdínláàádọ́ta."

"Mo gbọ́. Ibo nìyẹn? Lẹ́bàá ilé ta?"

"A kì í fi orúkọ pe àdúgbò níṣẹ́ tiwa. Nọ́ńbà ni. Bí a bá mọ orúkọ, a ó mọ ẹni tó ń gbébẹ̀. Bí a bá mọ ẹni tó ń gbébẹ̀, àánú á ṣe wá. Àánú sì máa ń wọ́ ìlà. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí ẹni tó ń ya àwòrán àdúgbò kan má dé ibẹ̀ rárá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

"Òwe yẹn ò ní kí ọ̀bẹ di ojú."

"Ojú máa ń ṣe ojúsàájú, bọ̀dá."

Káfíńtà sún mọ́ ìlú náà. Láti oṣù méjì ló ti ń gé ìlú náà lẹ́yọ lẹ́yọ, nọ́ńbà lẹ́yìn nọ́ńbà, àná ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gọ́ọ̀mù tò ó pọ̀. Ó tẹ ìka rẹ̀ tó gbó lé orí ilé kan tó rí bí ìgúnpá.

"Ilé ìwé nìyí. Òun nìkan ló ní igun mẹ́ta. Ẹni tó kọ́ ọ mu nǹkan. Tí mo bá jáde níbẹ̀, mo yà sósì níbi kànga." Ìka ń rìn. "Mo kọjá ilé aránṣọ. Ẹ ǹlẹ́ o, ìyá aránṣọ. Mo dé ibi ògiri alágbẹ̀dẹ tó ti ń fẹ́ wó látọjọ́ tí a ti bí wa. Mo yà sọ́tùn-ún. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá, mo dé ẹnu ọ̀nà..." Ìka já sínú ihò. "Mo ti já sómi."

"Ẹ ṣì í kà ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwé lẹ́ẹ̀kejì, ó tiẹ̀ tún kí ìyá aránṣọ. Ìka tún já.

"Àbúrò mi, inú omi ni èmi àti ìwọ dúró sí yìí."

Ọgbọ̀n-Ọdún rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí wọ́n fi ń fún aláìmọ̀kan lómi mu. Ó tú ìwé roboto náà sórí tábìlì, ó fi òòlù tẹ igun rẹ̀ kan, ó fi ayùn bàbá wọn tẹ èkejì. Fọ́tò ńlá kan ni, wọ́n yà á láti ojú ọ̀run. "A ní ẹ̀rí. Ohun tó ń dán yanran láàárín yìí, kí ni ẹ pè é?"

"Onígun mẹ́rin ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Omi onígun mẹ́rin lo rí, kò ṣe ọ́ ní kàyéfì?"

"A jíròrò lé e lórí. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ni pé omi tó ní ìwà ni."

"Àwọn gbọọrọ gbọọrọ tó tò sí etí rẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Ọkọ̀ ojú omi! Ẹ kà wọ́n, mẹ́rìnlá. Ọkọ̀ mẹ́rìnlá, apẹja mẹ́rìnlá. Iṣẹ́ a máa gbèrú, bọ̀dá. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, apẹja ẹgbẹ̀ta. Ẹni igba tí yóò máa tún àwọ̀n ṣe. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tí yóò máa rọ ẹja sínú agolo. Ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo iṣẹ́ tí ètò yìí yóò pèsè, orí omi yẹn ló wà."

"Ta ló wá ka àwọn apẹja náà?"

"Kí ni a fẹ́ wá fún? A ní ìṣirò."

"Ìgbà wo ni wọ́n ya fọ́tò yìí?"

"Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní ọ̀sán gangan."

Káfíńtà jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga gígùn. "Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn," ó ní, "ni mo pààrọ̀ páànù ṣọ́ọ̀bù yìí. O ò wá. O ní o ń ya àwòrán."

Ọgbọ̀n-Ọdún gbójú sókè. Páànù ló rí. Oòrùn ń yọjú láti ojú ihò ìṣó bí ìràwọ̀. Ó gbójú wálẹ̀, ó wo fọ́tò. Ó tún gbójú sókè, bóyá ó ti di omi. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Níta, lórí igi agbéró méjì, pákó tútù tò síbẹ̀ tí wọ́n ń yá oòrùn. Ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà wọ́n. Ó dé mẹ́rìnlá, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan, bí ẹni tí ń retí ìdáhùn mìíràn.

"Mẹ́rìnlá ni igi agbéró náà gbà," Káfíńtà ní láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Láti ayé bàbá wa ni. Ìwọ ló sì máa ń yí wọn padà kí o tó lọ sílé ìwé. Ọgbọ̀n-Ọdún, ìwọ alára ti ṣe apẹja rí."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ló wo fọ́tò yìí tó ní omi ni?"

Ọgbọ̀n-Ọdún tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka pákó.

"Mo ní ta ni?"

"Èmi ni."

"Ìwọ tí ìyá rẹ bí sábẹ́ òrùlé yìí."

"Mi ò rí i láti òkè rí, bọ̀dá. Ìsàlẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Káfíńtà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó nu ún, ó fi ìka tó tutù náà han àbúrò rẹ̀. "Wá kọ èyí náà sílẹ̀. Omi tòótọ́ tó wà ládùúgbò kẹtàdínláàádọ́ta nìyí." Ó dìde, ó mú pákó pẹlẹbẹ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pẹ́ńsùlù fàlà sí i. "Ó tó gẹ́ẹ́. Màá gé ṣọ́ọ̀bù kékeré kan báyìí, màá fi dí ihò náà. Àwọn àgbà rẹ á wò ó, wọn á ní omi ti gbẹ."

"Ẹ má gé e!" Ọgbọ̀n-Ọdún di ayùn mú. "Bọ̀dá mi, mo fi ìyá wa bẹ̀ yín. Ẹ wo ọ̀nà márosẹ̀ tó la ìlú onípákó yìí já kí ẹ tó gé nǹkan kan."

"Mo ti rí i. Mo tiẹ̀ fẹ́ bi ọ́. Kí ló dé tó fi ń wọ́ kiri bí ejò lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú?"

"Ó ń yà fún omi ni."

"Bí kò bá sí omi ńkọ́?"

"Kò ní yà."

"Èèyàn wà níbẹ̀ o."

"Ọ̀nà kì í yà fún èèyàn, bọ̀dá. Omi nìkan ni òfin ní kó yà fún."

Káfíńtà kì í gba ọ̀rọ̀ nípa ìlà tó gún lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó mú igi gbọọrọ tó fi ń wọn ilẹ̀kùn, ó fi orí rẹ̀ kan ibi tí márosẹ̀ ti wọ ìlú, ó fi ìdí rẹ̀ kan ibi tó ti jáde. Ó di ojú kan. Igi náà gba orí igun kẹta ilé ìwé, ó gba yàrá ìyá aránṣọ já, ó sì dábùú ihò náà, láti etí dé etí.

Ojú tó dì, kò là á fún ìgbà díẹ̀.

"Ó máa kàn wá?"

"Katakátà ló máa kàn yín. Lẹ́yìn òjò ni wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"Tún ìwé náà ṣe. Sọ fún wọn pé o ṣì í wò. Kí ọ̀nà yà, kí omi má sí, kí èmi wà níbi tí mo wà. Òótọ́ nìyẹn. Ṣé kò sáyè fún òótọ́ níbẹ̀ ni?"

"Ọ́fíìsì méjìlélógún ló ti buwọ́ lu omi náà. Bí a bá fẹ́ yọ ọ́, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ́fíìsì kìíní, ọdún mẹ́sàn-án mìíràn nìyẹn, katakátà ò sì ní dúró. Ó yá wá lára láti gbẹ́ adágún omi tòótọ́ ju kí a fi rọ́bà pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́." Ó rẹ ohùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjì péré ló wà níbẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Òfin omi wà. Ó ní: apẹja tó bá ti ń gbé etí omi kí ètò yìí tó dé, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí i nípò, títí láé."

"Káfíńtà tó ń gbé etí omi ńkọ́?"

"Kò sí káfíńtà nínú ìwé náà. Níbi tí wọ́n kọ káfíńtà sí, òdo ló wà níwájú rẹ̀."

"Òdo! Ta ló wá kan ilẹ̀kùn gbogbo ilé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta yẹn?"

"Ìwé náà ò sọ pé ilé á ní ilẹ̀kùn."

Káfíńtà ju igi gbọọrọ náà sílẹ̀. Ó rìn dé ibi tábìlì, ó yọ ayùn bàbá rẹ̀ kúrò lórí fọ́tò náà, ó gbé e kọ́ sórí ìṣó rẹ̀. Fọ́tò náà ká padà láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó bo ìdajì ìlú.

"Mú fọ́ọ̀mù wá," ó ní.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa gbọ́! Iṣẹ́?"

"O fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni?"

"Òfin ni."

"Apẹja." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fi eyín kan òkúta.

"Ìgbà wo ni ẹ ti ń ṣe é?"

"Láti bí ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Mo kọ 'láti kékeré'. Ẹ mọ odò wẹ̀?"

"Bí mo bá bọ́ sínú garawa, ẹ ó sin mí."

"Kò pọn dandan. Ẹja mélòó lójúmọ́?"

"Òdo. Bíi ti káfíńtà yín."

"Wọ́n á ní ẹ ò jáfáfá, wọ́n á fún ẹlòmíràn ní omi yín. Ẹ dárúkọ iye kan."

"Kọ méjì. Ọ̀kan fún èmi, ọ̀kan fún ìjọba."

"Irú ẹja wo?"

"Èyí tó ń gbé orí òrùlé."

"'Oríṣiríṣi.' Ẹ buwọ́ lù ú síbí."

Káfíńtà fi pẹ́ńsùlù tó fi ń fàlà sí pákó buwọ́ lù ú. "Bàbá wa, káfíńtà. Bàbá rẹ̀, káfíńtà. Èmi, apẹja. Ìwọ ńkọ́, kí ni ìwé náà pè ọ́?"

"Olùtọ́jú ọjọ́ ọ̀la."

"Tiwa nìkan kọ́ ló burú. Tìẹ náà burú."

Ihò náà ṣì wà lójú ìlú, aago sì ti kọjá mẹ́ta. Ọgbọ̀n-Ọdún wá rántí pé òun ò mú nǹkan kan wá tí òun yóò fi ṣe omi. Ó na ọwọ́ sí agolo ọ̀dà kan, ọ̀dà náà ti gbẹ. Ó wo ìgò, ó wo ọ̀rá. Káfíńtà tẹ̀ sábẹ́ tábìlì láìsọ nǹkan kan, ó fa àjákù páànù kan jáde, èyí tó ṣẹ́kù nígbà tó ń kan òrùlé lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, tó ti ń fi bo gọ́ọ̀mù. Ó fi àlùmágàjí gé e ní igun mẹ́rin, ó fi òòlù na án títí ó fi tẹ́, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ihò. Oòrùn wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ó bà lé e, ó ń dán yanran.

Ọgbọ̀n-Ọdún kígbe. "Bọ̀dá! Ó jọ omi gan-an!"

"Ohun tí o wí nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn."

Wọ́n jọ gbé ìlú náà. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Ọgbọ̀n-Ọdún dúró. "Áà, kò ní gba ibí kọjá! Kò ní gbà!"

"Fẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sókè. Mo ti wọn ẹnu ọ̀nà kí n tó gé pákó àkọ́kọ́. Àwa káfíńtà la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin apẹja, bọ̀dá."

"Jáde."

Ìlú kọjá. Wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, Ọgbọ̀n-Ọdún fi okùn dè é, ó wọlé, ó tún yọrí jáde. "Ẹ fetí sílẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ya fọ́tò láti òkè. Ẹ máa fọ páànù náà. Bó bá dógùn-ún, wọ́n á ní omi ti bàjẹ́. Ọkọ̀ ò sì gbọdọ̀ dín ní mẹ́rìnlá. Bí wọ́n bá rí mẹ́tàlá, wọ́n á kọ ọ́ pé apẹja kan ti kú, ìjọba á fi lẹ́tà ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́."

"Sí ta?"

"Sí yín. Ẹ̀yin nìkan ni a ní orúkọ yín."

Ó lọ. Eruku rẹ̀ bà lé orí àwọn pákó.

Káfíńtà nìkan ló kù. Ó bọ́ sídìí pákó, ó ń yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ikùn sókè, ẹ̀yìn sílẹ̀, kí wọ́n má baà wọ́, bó ti ń ṣe lójoojúmọ́. Ilé ìwé ti ń retí ilẹ̀kùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pákó karùn-ún ló sì gbẹ jù. Ó gbé e lé èjìká, ó wọlé. Ó dé àárín ṣọ́ọ̀bù, ó dúró. Ó bojú wẹ̀yìn wo àlàfo tó wà láàárín ìkẹrin àti ìkẹfà. Ó pòṣé. Ó sọ pákó náà kalẹ̀, ó gbé àga gígùn tí àbúrò rẹ̀ kọ̀ láti jókòó lé, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, ó sì tẹ́ ẹ sínú àlàfo náà.

"Apẹja ò gbọdọ̀ kú lọ́wọ́ mi," ó sọ fún àga náà.

Ó wọlé, ó mú ayùn lórí ìṣó. Hìn-ìn, hàn-án. Ó ti gé pákó náà já kí fóònù tó dún.

"Bọ̀dá! Wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀ lù ú! Wọ́n pàtẹ́wọ́! Ṣùgbọ́n bàbá àgbà kan níbí ní kí n bi yín, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etí omi: ṣé ó jìn?"

Káfíńtà gbójú sókè.

"Sọ fún wọn pé ó ga."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lára, ó sì jáde lọ yí àwọn mẹ́sàn-án tó kù padà.